Bí Orúkọ Yín Bá Bọ́ Sínú Ìwé Ìṣọ́ Ìjọba: Ọ̀nà Ilé Ẹjọ́ ní Èkó fún Ẹni Tí Wọ́n Ń Ṣọ́ àti fún Onídùúró Rẹ̀

Ẹni tí wọ́n bá dá padà ní pápákọ̀ òfurufú Múrítàlá ní Ìkẹjà, tí wọ́n sì sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí ìjọba ń ṣọ́, kì í sábà mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á máa wá ẹni tó mọ ọ̀gá kan ní Àbújá, àwọn mìíràn á máa kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ lé ìwé ẹ̀bẹ̀ títí àkókò tí òfin fún wọn yóò fi kọjá lórí wọn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, àti mọ̀lẹ́bí tàbí ọ̀rẹ́ tó fọwọ́ sí ìwé ìdúró nítorí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ìgbésùnmọ̀mí kàn. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ó yé yín kí ẹ tó ná kọ́bọ̀: ẹ kọ́kọ́ wádìí ìwé tí ìdènà náà dúró lé lórí. Ìwé yẹn ni yóò sọ ilé ẹjọ́ tí ẹ máa lọ, irú ẹ̀bẹ̀ tí ẹ máa gbé síwájú adájọ́, àti iye ọjọ́ tí ẹ ní. Ìdènà tí kò bá ní ìwé kankan lábẹ́, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nínú òfin.

Ibi tí orúkọ ti ń wọlé

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ni lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ àjọ kan sí àjọ Immigration. Àjọ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ DSS, EFCC tàbí ọlọ́pàá lè kọ̀wé pé kí wọ́n má jẹ́ kí lágbájá jáde, tàbí kí wọ́n pe àwọn bó bá yọjú. Lẹ́tà báyìí lè jáde láìjẹ́ pé adájọ́ kankan rí i, ìdí sì nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ló yẹ kí ilé ẹjọ́ yẹ̀ wò jù. Ọ̀nà kejì ni àṣẹ ilé ẹjọ́ fúnra rẹ̀: adájọ́ tó gba béèlì olùjẹ́jọ́ lè ní kí ó kó páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹjísítírà, kí ó má sì kúrò ní Nàìjíríà láìgbàṣẹ.

Ẹ̀kẹta ni ìwé orúkọ tí ìgbìmọ̀ Nigeria Sanctions Committee ń gbé jáde lábẹ́ òfin ọdún 2022 tó dènà ìwà ìgbésùnmọ̀mí, èyí tó rọ́pò òfin ọdún 2011 àti àtúnṣe rẹ̀ ti ọdún 2013. Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba àpapọ̀ ni alága ìgbìmọ̀ náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n fi orúkọ èèyàn mẹ́sàn-án àti ilé-iṣẹ́ mẹ́fà, tó fi mọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó ilẹ̀ òkèèrè, síta lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ń fi owó ran àwọn agbésùnmọ̀mí lọ́wọ́. Ìwé yìí kò mọ sórí ìrìnàjò nìkan. Àwọn báńkì gbọ́dọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé owó ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ìwé ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tàbí ti orílẹ̀-èdè mìíràn, tí adájọ́ Nàìjíríà kò lágbára láti yọ orúkọ kúrò nínú rẹ̀.

Àṣìmú orúkọ náà wà, kì í sì í ṣe ohun kékeré ní ìlú tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti ń jẹ́ orúkọ kan náà ní àdúgbò kan náà. Bó bá jẹ́ òun ni, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà NIN, ìka ọwọ́ àti àwọn páásípọ́ọ̀tù yín àtijọ́ ni ẹ̀rí tí ẹ nílò, kì í ṣe àlàyé gígùn nípa irú èèyàn rere tí ẹ jẹ́.

Ohun tí ẹ máa ṣe ní pápákọ̀ kí ẹ tó padà sílé

Bí òṣìṣẹ́ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà bá wo ojú ẹ̀rọ, tó tún wo páásípọ́ọ̀tù yín, tó wá ní kí ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ má bá a jà. Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè àjọ tó ní kí wọ́n dá yín dúró, ọjọ́ tí àṣẹ náà jáde, àti bóyá ẹ lè fojú rí ìwé náà. Wọ́n lè má dáhùn, ṣùgbọ́n kíkọ̀ tí wọ́n kọ̀ láti dáhùn náà jẹ́ ẹ̀rí tí ẹ máa kọ sínú ìwé ìbúra yín. Ẹ kọ orúkọ tó wà láyà aṣọ òṣìṣẹ́ náà sílẹ̀, àkókò tó ń lọ, kántà tí ẹ dúró sí, àti ọ̀rọ̀ tó sọ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Ẹ má ya fọ́tò òṣìṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ṣe é léèwọ̀, kí ẹ má baà fi ẹ̀sùn kan kún òmíràn.

Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti lu òǹtẹ̀ ìjáde sínú páásípọ́ọ̀tù yín, tí wọ́n sì tún wá fi bíírò fagi lé e, ojú ewé yẹn jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára, torí ó ń sọ ọjọ́ àti ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà. Ẹ tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì, ìwé ìwọkọ̀, àti ìwé tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú bá fún yín pé ẹ kò bá ọkọ̀ lọ. Bí wọ́n bá gba páásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ yín, ẹ béèrè ìwé tó fi hàn pé wọ́n gbà á.

Bí wọ́n bá mú yín dá sí àtìmọ́lé, abala 35 nínú Ìwé Òfin ọdún 1999 sọ pé kí wọ́n gbé yín dé iwájú ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan níbi tí ilé ẹjọ́ bá ti wà láàárín 40 kìlómítà. Ní Èkó, kò sí àgọ́ ọlọ́pàá tó lè sọ pé ilé ẹjọ́ jìnnà sí òun. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn ìgbésùnmọ̀mí ní ọ̀nà tirẹ̀: òfin ọdún 2022 fún àjọ aláàbò láàyè láti gba àṣẹ àtìmọ́lé 60 ọjọ́ lọ́wọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀, wọ́n sì lè tún un gbà. Àṣẹ yìí ń jáde lórí ẹ̀bẹ̀ apá kan, èyí ni pé adájọ́ á gbọ́ ti àjọ náà láìpe afurasí. Nígbà tí wọ́n mú Omoyele Sowore, oníròyìn àti ajàfẹ́tọ̀ọ́, ní Èkó ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, lábẹ́ òfin àtijọ́, 90 ọjọ́ ni DSS béèrè, 45 ni adájọ́ fún wọn. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí agbẹjọ́rò yín máa ṣe ni láti gba ẹ̀dà àṣẹ náà tí rẹjísítírà fọwọ́ sí, kí ó wo ọjọ́ tó máa parí, kí ó sì bẹ adájọ́ kan náà láti fagi lé e tàbí kí ó dín in kù bí ohun tí wọ́n sọ fún un kò bá jẹ́ òtítọ́.

Lẹ́tà, àti oṣù mẹ́ta tí ń lọ

Ẹ kọ lẹ́tà méjì, ọ̀kan sí àjọ Immigration, èkejì sí àjọ tí ẹ fura sí pé òun ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ gbé e ka orí òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011, tó fún wọn ní ọjọ́ méje láti fèsì. Ẹ béèrè ìwé tó gbé orúkọ yín kalẹ̀, ọjọ́ rẹ̀, àti òfin tí wọ́n tẹ̀ lé. Wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ ààbò kọ̀, àmọ́ òfin ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀ sílẹ̀, ẹ sì ní 30 ọjọ́ láti gbé ìkọ̀sílẹ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n bá lu òǹtẹ̀ gbígbà lé gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ yín. Lẹ́tà tí kò lóǹtẹ̀, wọ́n á ní àwọn kò rí i rí.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù. Bí ẹ bá fẹ́ kí ilé ẹjọ́ ṣe àtúnyẹ̀wò ìpinnu àjọ ìjọba kí ó sì fagi lé e, ìlànà Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ fún yín ní oṣù mẹ́ta péré láti ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ adájọ́. Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba náà fi oṣù mẹ́ta dí ọ̀nà fún ẹni tó bá fẹ́ pe irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́. Lẹ́tà kíkọ kò dá oṣù yìí dúró. Ẹ̀bẹ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lábẹ́ ìlànà ọdún 2009 ni kò ní gbèdéke ọjọ́, ìdí sì nìyẹn tí mo fi gbà pé òun ló yẹ kí ọ̀pọ̀ èèyàn lò. Síbẹ̀, adájọ́ tó rí i pé ẹ jókòó fún ọdún méjì kí ẹ tó pariwo yóò ṣòro láti gbà pé ọ̀rọ̀ náà ká yín lára.

Ìwé ẹjọ́ fúnra rẹ̀

Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní òpópónà Oyinkan Abayomi ní Ìkòyí ni ẹ máa gbà lọ, nítorí pé àjọ ìjọba àpapọ̀ ni ẹ ń pè lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ yìí ni abala 251 nínú Ìwé Òfin ọdún 1999 sì fún ní irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó gbé tiwọn lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ torí pé ó sún mọ́ ilé lè rí i kí wọ́n dá a nù láìgbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀.

Abala 41 nínú Ìwé Òfin kan náà ni ọ̀pá ìdúró yín. Ó sọ pé ọmọ Nàìjíríà lẹ́tọ̀ọ́ láti rìn káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, pé wọn kò sì gbọdọ̀ dá a dúró láti wọlé tàbí láti jáde. Abala kan náà ló tún fàyè sílẹ̀ pé òfin lè dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó ṣẹ̀ tàbí tí wọ́n fura sí pé ó ṣẹ̀, bí ìfura náà bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Gbogbo ìjà tí ẹ máa jà wà láàárín gbólóhùn méjèèjì yìí: òfin wo, ìfura wo, ta ló sì fún òṣìṣẹ́ yìí láṣẹ?

Ẹjọ́ tó yẹ kí agbẹjọ́rò yín mọ̀ dunjú ni ti Olisa Agbakoba. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 1992, nígbà tó jẹ́ ààrẹ Civil Liberties Organisation, ó ń lọ sí ìpàdé kan ní The Hague nígbà tí àwọn ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ gba páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ní pápákọ̀ Múrítàlá láìsọ ìdí. Ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, tó dá a láre ní ọdún 1999, tó sì jẹ́ kó yé gbogbo ayé pé òfin kò fún àwọn ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ lágbára láti gba páásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ ọmọ ìlú bó ṣe wù wọ́n. Ẹ má ṣe rò pé èyí ti parí ọ̀rọ̀, o. Ní ọdún 2007, nínú ẹjọ́ béèlì Mujahid Dokubo-Asari, ajìjàgbara Niger Delta, ilé ẹjọ́ kan náà sọ pé níbi tí ààbò orílẹ̀-èdè bá ti wà nínú ewu, ẹ̀tọ́ ẹnì kan lè bọ́ sẹ́yìn. Gbólóhùn yìí ni agbẹjọ́rò ìjọba yóò fi dáhùn. Ìdáhùn tiyín ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò fi ewu hàn, kí wọ́n kó ohun tí wọ́n mọ̀ kalẹ̀ nínú ìwé ìbúra kí adájọ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ohun tí ẹ máa kó lọ ni ìwé ẹ̀bẹ̀, àlàyé ẹni tí ẹ jẹ́ àti ohun tí ẹ ń béèrè, ìwé ìbúra, àti àròyé agbẹjọ́rò. Ìlànà ọdún 2009 ní kí wọ́n fi ìgbẹ́jọ́ sí àárín ọjọ́ méje tí ẹ bá ti fi ìwé sílẹ̀, ó sì fún olùjẹ́jọ́ ní ọjọ́ márùn-ún láti fèsì. Ọwọ́ àwọn adájọ́ ní Ìkòyí máa ń dí, nítorí náà bí ìṣòro náà bá jẹ́ ti ìtọ́jú ìlera tàbí ìdánwò tó ní ọjọ́, ẹ bẹ adájọ́ fún àṣẹ onígbà díẹ̀. Ẹ rí i pé ẹ̀tọ́ ni olórí ohun tí ẹ ń béèrè. Bí ẹ bá sọ ọ́ di ẹjọ́ gbèsè tàbí ti iṣẹ́, wọ́n á lé yín jáde lábẹ́ ìlànà náà.

Ìwé ìbúra ni mo fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ sí jù. Ohun tí ojú yín rí, tí etí yín gbọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò, ni kí ó wà níbẹ̀. Ẹ fi àríyànjiyàn sílẹ̀ fún lọ́yà. Bí ẹ̀sùn kan bá wà lọ́rùn yín tẹ́lẹ̀, ẹ sọ ọ́, nítorí pé àjọ náà yóò sọ ọ́ bí ẹ bá dákẹ́, adájọ́ á sì máa wo gbogbo ìyókù bí irọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń fi kọ ọ́. Ìyá tàbí bàbá tí kò bá lè ka Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ rí i pé ìlà kan wà nísàlẹ̀ tó sọ pé ògbufọ̀ ka gbogbo rẹ̀ fún òun ní èdè Yorùbá, ó sì yé òun dáadáa kí òun tó tẹ ìka sí i, kí orúkọ ògbufọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Bí ìlà yẹn kò bá sí, agbẹjọ́rò ìjọba lè ní kí wọ́n da ìwé náà nù.

Fún owó tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé, ẹ béèrè lọ́wọ́ báńkì bóyá àṣẹ ilé ẹjọ́ ni wọ́n tẹ̀ lé, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹjọ́ náà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, lẹ́yìn ìwọ́de EndSARS, ẹ̀bẹ̀ apá kan ni Báńkì Àgbà fi gba àṣẹ lórí àpò owó 20, tí wọ́n sì dárúkọ owó ìgbésùnmọ̀mí nínú rẹ̀. Oṣù Kejì ọdún 2021 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ti Sanctions Committee máa kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ náà pé kí wọ́n yọ òun, ó sì lè béèrè owó oúnjẹ, owó ilé, oògùn àti owó agbẹjọ́rò nínú ohun tí wọ́n tì pa, kí ó tó gba ilé ẹjọ́ lọ. Fún ìwé ISIL àti Al-Qaida ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ọ́fíìsì Ombudsperson, tó ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹni tó fẹ́ kí wọ́n yọ orúkọ òun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2009, ni ẹ máa kọ̀wé sí. Fún ti Amẹ́ríkà, ètò DHS TRIP ni, èyí tí àjọ ààbò abẹ́lé wọn fi ń gba ẹ̀sùn arìnrìnàjò tí wọ́n dá dúró.

Onídùúró àti àdéhùn béèlì

Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí ń bà mí ju ti pápákọ̀ lọ, nítorí pé ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ni ìyà rẹ̀ ń jẹ. Ìdúró kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú àánú. Ìwé tí ẹ fọwọ́ sí sọ pé bí olùjẹ́jọ́ kò bá yọjú, ẹ̀yin lẹ máa san iye tó wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 2020, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá rán Sẹ́nétọ̀ Ali Ndume lọ sí ẹ̀wọ̀n Kuje nítorí 500 mílíọ̀nù náírà tó fi dúró fún Abdulrasheed Maina, tó sá lọ nígbà ẹjọ́ owó ìlú; ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni wọ́n tó gba béèlì òun fúnra rẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ ka gbogbo àdéhùn tó wà nínú àṣẹ béèlì náà, kì í ṣe iye owó nìkan. Nínú béèlì tí wọ́n gbà fún Nnamdi Kanu, olórí ẹgbẹ́ IPOB, ní oṣù Kẹrin ọdún 2017, yàtọ̀ sí onídùúró mẹ́ta tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn dúró fún 100 mílíọ̀nù náírà, adájọ́ ní kò gbọdọ̀ wà láàárín èèyàn tó ju mẹ́wàá lọ, kò sì gbọdọ̀ bá oníròyìn sọ̀rọ̀. Irú àdéhùn báyìí rọrùn láti rú láìsá lọ síbì kankan. Òfin ẹ̀sùn ọ̀daràn ti ọdún 2015 sọ pé béèlì kò gbọdọ̀ wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà àdéhùn tí apá olùjẹ́jọ́ kò ká, ẹ bẹ adájọ́ kí ó yí i padà kí ó tó di pé wọ́n rú u. Òfin kan náà sọ ní abala 167 pé wọn kò gbọdọ̀ kọ obìnrin ní onídùúró torí pé ó jẹ́ obìnrin; bí òṣìṣẹ́ kan bá ní kí ẹ lọ mú ọkọ yín wá, ẹ ka abala yẹn sí i létí.

Ilé ẹjọ́ máa ń béèrè ìwé ilẹ̀, ẹ̀rí owó orí, fọ́tò àti ìwé ìbúra nípa ohun ìní, wọ́n sì lè rán èèyàn wá wo ilé yín bóyá ibẹ̀ ni ẹ ń gbé lóòótọ́. Mo bẹ àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó: ẹ má fi ìwé ilé ẹbí dúró fún ẹnikẹ́ni. Ilé tí baba ńlá fi sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ẹnì kan kò lè fi ṣe ìdúró láìsí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdílé, bí ọ̀rọ̀ bá sì yíwọ́, ẹjọ́ méjì ni ẹ máa jẹ́, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìjọba, ọ̀kan nínú ilé. Ẹ sì yàgò fún àwọn tó ń rìn káàkiri ẹnu ọ̀nà ilé ẹjọ́ tí wọ́n ń ta ìdúró pẹ̀lú ìwé ayédèrú.

Lẹ́yìn tí béèlì bá ti múlẹ̀, onídùúró gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó pe olùjẹ́jọ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ó sì mọ̀ bó ṣe ń lọ fi ara hàn ní ọ́fíìsì àjọ náà. Bí olùjẹ́jọ́ bá ṣàìsàn, ìwé ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ rẹjísítírà kí wọ́n tó pe ẹjọ́ náà, kì í ṣe lẹ́yìn tí adájọ́ ti fi ìwé àṣẹ ìmúni síta. Bí ẹ bá rí i pé ó ń di ẹrù, tó ń tọ́jú owó, tí kò gbé fóònù mọ́, ẹ lọ bẹ adájọ́ kí ó tú yín sílẹ̀ nínú ìdúró náà. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí i nígbàkígbà, olùjẹ́jọ́ á wá onídùúró mìíràn tàbí kí ó padà sí àtìmọ́lé. Ìtìjú kì í jẹ́ kí àwọn èèyàn wa ṣe èyí, torí wọ́n rò pé ọ̀dàlẹ̀ ni àwọn á dà lójú ẹbí. Ẹni tó fẹ́ sá tó sì fi ilé yín sílẹ̀ fún ìjọba ti dalẹ̀ ṣáájú yín.

Bó bá sì ti sá ná, wọn kò lè gba ohun ìní yín láìpè yín. Adájọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní kí ẹ wá sọ ìdí tí kò fi yẹ kí ẹ san owó náà. Ẹ má fi ọjọ́ yẹn ṣeré. Ẹ kó gbogbo ẹ̀rí pé ẹ ti fi tó ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ létí ní kété tí ẹ kò rí i mọ́, àwọn ibi tí ẹ wá a dé, àti ìdí tí ẹ bá mọ̀ pé ó fi lọ, torí ìdí yẹn lè gbà yín. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Kanu dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, àwọn adájọ́ sọ pé kò yẹ kí wọ́n fagi lé béèlì rẹ̀, nítorí pé ìkọlù àwọn ọmọ ogun sí ilé rẹ̀ ló lé e lọ. Bí ìdí yín kò bá tilẹ̀ tó láti pa gbogbo owó náà rẹ́, adájọ́ lágbára láti dín in kù. Bí kò bá dín in, wọ́n lè ta dúkìá yín, bí dúkìá kò bá sì tó, ẹ̀wọ̀n ló kù, nítorí náà ọjọ́ ìpinnu yẹn ni kí agbẹjọ́rò yín ti fi ìwé sílẹ̀ fún Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá a dúró ná.

Bí ẹ bá borí

Ìdájọ́ tó wà nínú fáìlì ní Ìkòyí kò tíì dé orí kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà. Ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀ tí rẹjísítírà fọwọ́ sí, ó kéré tán mẹ́rin, kí bélífù mú ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ fún àjọ tó kọ lẹ́tà, fún olú ilé-iṣẹ́ Immigration ní Àbújá, àti fún ọ́fíìsì wọn ní pápákọ̀, kí ó sì kọ ìwé ìbúra pé òun ti jíṣẹ́. Ẹ kọ̀wé tẹ̀ lé e kí wọ́n fèsì pé orúkọ yín ti kúrò, kí ẹ má sì ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ṣeé dá padà kí ìdáhùn tó dé. Ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì tí ẹ máa gbé lọ́wọ́ ní gbogbo ìrìnàjò. Bí wọ́n bá tún dá yín dúró lẹ́yìn tí ìdájọ́ ti dé ọwọ́ wọn, agbẹjọ́rò yín á gba Fọ́ọ̀mù 48 ní ilé ẹjọ́, tó ń kìlọ̀ fún ọ̀gá àjọ náà nípa ìyà àìgbọràn. Bí kò bá yí padà, Fọ́ọ̀mù 49 á pè é wá sọ ìdí tí wọn kò fi ní rán òun gan-an lọ sẹ́wọ̀n.